Àkókò Abẹ́rẹ́ Àjẹsára: Bí Òbí Ṣe Lè Rí Dókítà Ọmọdé Tí Yóò Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú fún ojú ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n dá lé. Òbí ní ohun tí ó ń fẹ́ nípa ìgbà tí wọn yóò fún ọmọ rẹ̀ ní àjẹsára, ó sì ń wá dókítà tí kò ní ka ohun náà sí àfojúdi. A ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ̀wé kúrò, a sì gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Nígbà tí ọmọ mi àkọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ara rẹ̀ gbóná janjan lálẹ́ ọjọ́ náà, itan rẹ̀ wú, ó sì ké títí ilẹ̀ fi mọ́. Èkejì ti dé báyìí, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ 4. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera àdúgbò wa pé mo fẹ́ kí wọ́n pín àwọn abẹ́rẹ́ náà, kí ọmọ gba ọ̀kan lọ́jọ́ kan, kí a padà wá gba ìyókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣe ni ó jágbe mọ́ mi níṣojú àwọn ìyá yòókù, ó ní ṣé èmi ni mo kọ́ òun níṣẹ́ ni. N kò sọ pé n kò gba abẹ́rẹ́ o. Báwo ni mo ṣe lè rí dókítà ọmọdé tí yóò fara balẹ̀ gbọ́ mi? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, Olúwa yóò wò ó. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé igbe tí wọ́n jẹ mọ́ yín yẹn kò dára rárá, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wá àwíjàre fún un. Ìyá tí wọ́n bá dójú tì níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí lè má padà wá mọ́, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi sí ara ọmọ yín, ìdí tí ó fi jẹ́ òní, àti ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń bà yín lẹ́rù gan-an. Abẹ́rẹ́ tí ó sábà máa ń mú ara ọmọ gbóná ní ọ̀sẹ̀ 6 ni èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní penta. Àrùn márùn-ún ni ó ń dènà: dífítíríà tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ líle tí ń gba èémí mọ́ ìkókó lẹ́nu, àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, àti àrùn tí kòkòrò Hib ń fà, èyí tí ó lè di òtútù àyà tàbí yírùnyírùn. Nínú penta tí a ń lò ní Nàìjíríà, odindi kòkòrò ikọ́ líle náà, tí wọ́n ti pa, ni ó wà níbẹ̀, apá yìí ni ó sì ń fa ọ̀pọ̀ nínú ibà, ìwú itan àti ẹkún tí ẹ rí. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lórí irú èyí. Ẹ̀yà díẹ̀ lára kòkòrò náà, tí wọ́n ti yọ́ mọ́, ni wọ́n ń lò. Ara ọmọ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èyí, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ máa ń tètè dín kù ju ti odindi kòkòrò lọ.

Ẹ wá wò ó báyìí. Bí wọ́n bá pín abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́, penta fúnra rẹ̀ kò ṣeé pín, nítorí inú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni márààrún wà. Ohun tí wọ́n lè yọ sọ́tọ̀ ni abẹ́rẹ́ òtútù àyà àti ti rọpárọsẹ̀, kì í sì í ṣe àwọn wọ̀nyí ni olórí ohun tí ó fa òru burúkú yẹn. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá gba penta, ibà lè wá síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì padà wá gba ìyókù, wọn yóò tún gún un, yóò tún ké. Lójú tèmi, ohun tí ọkàn yín ń fẹ́ ni ẹni tí yóò bá yín gbèrò kí irú òru yẹn má tún wáyé, tàbí kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe bí ó bá wáyé. Ìyẹn ṣeé rí, ó sì ṣeé rí láìjẹ́ pé ọmọ pẹ́ gba àjẹsára.

Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ yóò bi yín nípa òru náà kí ó tó sọ ohunkóhun. Báwo ni ara ọmọ ṣe gbóná tó, ṣé ẹ fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, tàbí ọwọ́ ni ẹ fi kàn án? Ṣé gìrì mú un? Ṣé ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tí ó dà bí ẹni pé kò mọ ibi tí ó wà? Ẹkún tí ó ké náà, ṣé ó ń dákẹ́ bí ẹ bá fún un lọ́mú, àbí wákàtí mẹ́ta kọjá láìsí ìdákẹ́jẹ́ kankan? Ìdáhùn yín sí ìbéèrè wọ̀nyí yẹ kí ó wà ní àkọsílẹ̀ nínú fáìlì ọmọ àkọ́kọ́. Ní ti èkejì, ara tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibà tí ó mú ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kì í ṣe ìdí tí ìṣègùn fi ń dá abẹ́rẹ́ àbúrò dúró, dókítà tòótọ́ yóò sì sọ èyí fún yín láìfi yín ṣe ẹlẹ́yà.

Ohun púpọ̀ wà tí ó lè yí padà láìsí ewu. Ẹ lè béèrè pé kí wọ́n gún ọmọ nígbà tí ó bá wà lórí ọmú yín, kí ẹ gbé e mọ́ra, kí itan rẹ̀ wà ní gbangba fún nọ́ọ̀sì, kí ó máa mu ọmú lọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé. Ó ń dín ìrora kù, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sì ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2015. Ẹ lè béèrè pé kí penta wà ní itan kan, kí abẹ́rẹ́ òtútù àyà wà ní ìkejì, kí ẹ lè mọ èyí tí ó wú. Ẹ lè mú òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹni tí yóò ràn yín lọ́wọ́ yóò wà nílé di alẹ́. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní paracetamol ṣáájú abẹ́rẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fún un ní ìwọ̀n tí dókítà bá kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe tẹ̀wọ̀n sí. Bí agbára bá wà, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ń ta abẹ́rẹ́ alárùn mẹ́fà tí ó ní ẹ̀yà kòkòrò tí wọ́n ti yọ́ mọ́, tí àjẹsára rọpárọsẹ̀ sì wà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà abẹ́rẹ́ dín kan, ibà náà sì ń dín kù. Owó ni wọ́n ń gbà fún un, nígbà tí ti ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, kí ọjọ́ rẹ̀ má yẹ̀ kúrò ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí káàdì kan náà.

Àwọn ohun kan kò ṣeé sún, inú mi yóò sì bà jẹ́ bí mo bá fi wọ́n pamọ́ fún yín kí n lè tẹ́ yín lọ́rùn. Ìkókó ni ikọ́ líle ń pa jù, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì tó láti dáàbò bò ó. Mẹ́ta ni, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 yóò parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 14. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù 3 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ yóò ti sún mọ́ oṣù 5 kí ó tó parí. Dífítíríà, tí ọ̀pọ̀ wa rò pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2022, Kánò ni ó sì ti jà jù. Àwọn ọmọ tí kò gba àjẹsára, tàbí tí wọn kò gbà á pé, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó mú. Ní oṣù 9, àjẹsára èéyi àti ti ibà pọ́njú jọ ń lọ lọ́jọ́ kan náà. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú méjèèjì, òfin wọn sì ni pé kí a gbà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ọ̀sẹ̀ 4 kọjá láàárín wọn. Bí ìyá bá pín wọn sí ọ̀sẹ̀ kan síra, èyí tí ó gbà gbẹ̀yìn lè má ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ó so ọwọ́ nọ́ọ̀sì yẹn, kì í ṣe kí ẹ lè gbàgbé ohun tí ó ṣe. Ìgò kan àjẹsára BCG, èyí tí ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó ọmọ 20, ti èéyi tó ọmọ 10. Bí wọ́n bá ti po ó tán, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 6, dídànù ni. Ìdí nìyí tí ibùdó ìlera fi ní ọjọ́ pàtó fún àjẹsára kan, tí wọ́n sì máa ń sọ fún ìyá nígbà mìíràn pé kí ó padà lọ, kí ọmọ pọ̀ sí i kí wọ́n tó ṣí ìgò. Ìyẹn náà jẹ́ fífi àkókò ọmọ falẹ̀, mo sì rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá wa ju pé kí àwọn fúnra wọn fẹ́ dá abẹ́rẹ́ dúró lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sórí káàdì, kí ẹ sì béèrè ibùdó tí wọn yóò ti ṣí ìgò láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ó kù sí wíwá dókítà. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọdé, ti di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, ibùdó ìlera alábọ́dé ni a gbé àjẹsára lé lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì sì ni ó ń gún un. Nítorí náà ẹ kò nílò dókítà ọmọdé fún abẹ́rẹ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ sísọ, ìwádìí àti ìwé ni ẹ nílò rẹ̀ fún. Ẹ lè rí i lẹ́ẹ̀kan, kí ó kọ lẹ́tà tí ẹ ó mú lọ sí ibùdó ìlera yín. Ní Ìbàdàn, Ilé Ìwòsàn UCH ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Oni Memorial sì wà ní Ring Road. Ní ti àwọn ilé ìwòsàn aládàáni, ẹ wo lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn orúkọ dókítà: FWACP tàbí FMCPaed ni ẹni tí ó ti ṣe ìdánwò àkànṣe nínú ìtọ́jú ọmọdé máa ń ní, ẹ sì lè bi í léèrè tààrà bóyá ọmọdé ni ó fi ṣe ẹ̀kọ́ àkànṣe rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n kọ "dókítà ọmọdé" sára pátákó rẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ sọ ìtàn òru náà ná, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ bi í pé: "Bí mo bá fẹ́ gba ọ̀kan lónìí, kí n sì padà wá gba èkejì, èwo ni ẹ ó jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ, kí sì nìdí?" Ẹni tí ó bá gbọ́ yín yóò dá yín lóhùn lórí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó lè sọ pé ti òtútù àyà ṣeé sún fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ó bá dá a lójú pé ẹ ó padà wá, kí ó sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ó sì lè sọ pé òun kò gbà, kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín títí yóò fi yé yín. Ọ̀wọ̀ wà nínú méjèèjì. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún ni èyí tí ó gbà sí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ láìbéèrè ohunkóhun, tàbí tí ó sọ pé àjẹsára kò pọn dandan, tí ó wá fa ìgò àgbo tàbí oògùn tirẹ̀ yọ pé òun ni kí ẹ rà dípò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni èmi àti ìyàwó mi wà. Oṣù tí ń bọ̀ ni ó yẹ kí ó bímọ. Àwọn kan nínú ìjọ wa gbà wá níyànjú pé kí a dá abẹ́rẹ́ èéyi dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún 3, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n fún un ní ti mẹ́dọ̀wú ní ọjọ́ ìbí. Ilé ìwòsàn ọmọdé tí ó sún mọ́ wa fún wa ní ìwé pé kí a fọwọ́ sí i pé a ó tẹ̀lé ètò àjẹsára bí ó ṣe wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a wá ibòmíràn lọ. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i? Báwo ni a ṣe lè rí dókítà mìíràn? A ní i lọ́kàn láti gbé ọmọ wá kí àwọn òbí wa ní Iléṣà nígbà Kérésìmesì, yóò ti pé oṣù 7 nígbà náà. — Bàbá ọmọ, Houston.

ÌDÁHÙN: A bá yín dúpẹ́, Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ láyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ilé ìwòsàn aládàáni ní Amẹ́ríkà lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní AAP, sì sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016 pé dókítà lè kọ̀ láti máa tọ́jú ìdílé tí ó bá kọ àjẹsára pátápátá, lẹ́yìn tí ó bá ti sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo dókítà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbà láti tọ́jú ọmọ tí òbí rẹ̀ fẹ́ pín abẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń wo bí wọ́n ṣe lè mú un dé ìparí.

Ẹ má dúró di ìgbà tí ìyàwó yín bá bí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ọmọdé máa ń gba òbí fún ìbẹ̀wò kan ní àwọn oṣù tí ó kẹ́yìn oyún, kí wọ́n lè mọ ara wọn. Ohun tí ẹ nílò gan-an nìyí. Ẹ gba orúkọ àwọn dókítà tí ìnṣọ́ránsì yín ń sanwó fún, kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ sì béèrè bí òfin ilé ìwòsàn wọn ṣe rí fún òbí tí ó bá ní ìbéèrè lórí àkókò àjẹsára. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè rí dókítà kan náà nígbà gbogbo, àbí ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni. Ẹ tún béèrè ètò tí ó ń tẹ̀lé, nítorí láti ọdún 2025 ni ìlànà CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí dídènà àrùn, àti ti AAP kò ti bá ara wọn mu mọ́ lórí àwọn àjẹsára kan, ó sì yẹ kí òbí mọ ẹ̀gbẹ́ tí dókítà rẹ̀ wà kí ọ̀rọ̀ tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bá wọn fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda ImmTrac2, ìwé àkọsílẹ̀ àjẹsára ti ìpínlẹ̀ Texas, nítorí wọn kì í pa àkọsílẹ̀ ọmọ mọ́ síbẹ̀ bí òbí kò bá yọ̀ǹda. Bí ẹ bá yí dókítà padà lẹ́ẹ̀mejì, òun ni kò ní jẹ́ kí ọmọ tún abẹ́rẹ́ gbà.

Ní ti èéyi, n kò lè bá yín gbà pé kí ẹ dúró di ọdún 3. Àìsàn yìí ń ràn ju ọ̀pọ̀ àìsàn tí a mọ̀ lọ. Bí ẹni tí ó ní i bá jáde kúrò nínú yàrá kan, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá náà fún wákàtí 2. Ìdí pàtàkì tí àwọn dókítà kan fi ń ṣe òfin líle nìyí, nítorí pé nínú yàrá ìdúró kan náà ni ọmọ oṣù 3 ti ń jókòó, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó láti gba àjẹsára náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Texas yín gan-an ni èéyi ti bẹ́ sílẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gaines ní apá ìwọ̀ oòrùn. Ó lé ní 700 ènìyàn tí ó mú, ọmọdé méjì tí kò gba àjẹsára sì kú.

Ìrìn àjò yín sì yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà. Oṣù 12 sí 15 ni àkókò àjẹsára èéyi ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó jẹ́ oṣù 9 ní Nàìjíríà. Àìsàn náà wọ́pọ̀ níbí, ó sì ń tètè mú ọmọ, nítorí náà a kì í dúró pẹ́. Nítorí èyí, ìmọ̀ràn àwọn dókítà Amẹ́ríkà ni pé kí ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 6 sí 11, tí ó ń lọ sí òkè òkun, gba ẹ̀ẹ̀kan ṣáájú àkókò, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọn kò ní ka èyí mọ́ méjì tí yóò gbà lẹ́yìn tí ó bá pé ọdún kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí dókítà gbọ́ tẹnu yín lórí àkókò, èyí ni kí ẹ bá a sọ: pé kí ó tètè fún ọmọ yín. Ti ibà pọ́njú kò tíì yẹ ọmọ oṣù 7. Oṣù 9 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún ilé ìwòsàn arìnrìn-àjò kí wọ́n kọ ìwé ìyọsílẹ̀ fún un, kí ẹ béèrè oògùn ibà tí ó tọ́ sí ìkókó, kí àwọn ará ilé ní Iléṣà sì ti ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kí ẹ tó dé.

Ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú oríṣi B kàn wá ju bí àwọn ọ̀rẹ́ yín ṣe rò lọ. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 ni ó ní kòkòrò yìí lára, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Àgbàlagbà tí ó bá kó o sábà máa ń borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkókó tí ó bá kó o nígbà ìbí tàbí láìpẹ́ sí i, nínú 10, 9 ni yóò máa gbé e kiri títí ayé, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì lè bà jẹ́ tàbí kí ó di jẹjẹrẹ ní ọjọ́ iwájú. Wọ́n ti yẹ ìyàwó yín wò nígbà oyún, ṣùgbọ́n ta ni ó ti yẹ ẹ̀yin wò? Ìyá tí yóò wá láti Iléṣà wá tọ́jú ọlọ́mọ ńkọ́? Kí ẹ tó pinnu láti sún ti ọjọ́ ìbí, kí gbogbo ẹni tí yóò máa gbé ọmọ náà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Dókítà tí ó bá bi yín ní ìbéèrè yìí láìjẹ́ pé ẹ rán an létí, ó mọ ibi tí ẹ ti wá, ẹ dì í mú.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń béèrè àjẹsára kí ọmọ tó wọlé. Texas gba òbí láàyè láti fi ìwé ìbúra yọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn. California ti fagi lé irú ìyẹn nínú òfin ọdún 2015, New York sì fagi lé ti ẹ̀sìn ní ọdún 2019. Bí iṣẹ́ bá gbé yín kúrò ní Houston, ohun tí ẹ sún lè di kíákíá mọ́ yín lọ́wọ́ lójijì.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín o. Ìyá àgbà ni mí, Àkúrẹ́ ni mo wà. Oyún oṣù méje ni ọmọ mi fi bímọ, àwọn oníṣègùn tọ́jú ọmọ náà, ó sì ti ń dàgbà. Dókítà ní kí a máa ka ọ̀sẹ̀ 6 abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bí i. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí a kà á láti ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n bí i, nítorí ó ní ọmọ náà kéré jù. Ta ni kí a gbọ́? — Ìyá àgbà, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá. Ẹ gbọ́ ti dókítà, kí ẹ sì fi sùúrù ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọmọ, nítorí ìfẹ́ ni ó ń mú un sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun inú ẹ̀jẹ̀ ìyá tí ń gbógun ti àrùn, àwọn oṣù tí ó kẹ́yìn oyún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọjá sára ọmọ. Ọmọ tí kò lo oṣù wọ̀nyẹn nínú kò rí wọn gbà tó. Òun ni àrùn lè tètè rí mú jù, òun ni kò sì yẹ kí ó dúró. Láti ọjọ́ ìbí ni a ń kà á, ìwọ̀n tí ọmọ tí ó lo oṣù mẹ́sàn-án nínú ìyá rẹ̀ ń gbà ni òun náà yóò sì gbà, wọn kò gbọ́dọ̀ dín in kù.

Ibi kan wà tí ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ti bá ìṣègùn mu. Bí ọmọ kò bá tó kìlógíráàmù 2 nígbà tí wọ́n bí i, dókítà lè ní kí BCG dúró kí ó tẹ̀wọ̀n sí i, abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú ti ọjọ́ ìbí sì lè má wọ inú kíkà. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ilé ìwòsàn ni ó ṣì wà nígbà tí ọ̀sẹ̀ 6 pé, wọn yóò máa ṣọ́ mímí rẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nítorí àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí ó kéré gan-an máa ń dákẹ́ mímí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ béèrè nǹkan wọ̀nyí fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí ibùdó ìlera, ẹ mú ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ dání pẹ̀lú káàdì rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè rí ìwọ̀n tí ó tẹ̀ nígbà ìbí àti ohun tí ó ti gbà kí ó tó fa abẹ́rẹ́.